Mo Fi Bíìkì Pupa Fagi Lé Ohun Tí Ọmọ Náà Gbà

Mi ò mọ ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí n má baà tún rí ibi sá gbà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, ẹ̀yìn ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n ni mo máa ń jókòó sí, èjìká rẹ̀ ni mo yọjú lé tí mo fi ṣe ìdánwò BEPC. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé lọ́dún yìí ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò nínú ilé wọn ní Hamdalaye, níbí ní Ouaga, ní Burkina, gbogbo ilé náà sì ń pè mí ní Professeur. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi, èébú yín á túbọ̀ dùn nígbà tí ẹ bá mọ gbogbo rẹ̀.

Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ghana ni bàbá mi ti wá, ó ta aṣọ, ó ta àwo, ó rán mi lọ sí université kí n má baà ta nǹkan kan, mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu: láti ìgbà tí mo ti jáde, mi ò tíì ta nǹkan kan. Philosophie ni mo kà. Mémoire mi, ìwé àṣekágbá, jẹ́ ojú ewé mẹ́rìndínlọ́gọ́fà lórí ìbéèrè pé ṣé ohun tí à ń fojú rí wà lóòótọ́, ibi tí mo sì parí rẹ̀ sí ni pé ó ṣòro láti sọ. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Àwọn àgbà Yorùbá wa tó wà níbí, èdè Mooré àti Dioula ni wọ́n fi ń ṣòwò, kéwú ni wọ́n kà, wọn ò ka Faransé, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ ìwé kan, lójú wọn, ó ti mọ gbogbo ìwé nìyẹn. Èmi ni wọ́n ń kó ìwé wá bá. Lẹ́tà ìjọba ìlú láti mairie, ìwé inú páálí oògùn, ìwé ilé ẹjọ́... mo ti ka ìwé ẹ̀rọ ìfọṣọ fún ìyá àgbà kan rí pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ṣe wáàsí, ìyá náà sì ṣe àmín. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?

Alhaji tó ni ọmọ tí mo ń kọ́ yìí ń ta pièces moto, ẹ̀yà ara alùpùpù, ní Dapoya. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ jẹ́ ká pè é ní Rukayat, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wà ní kíláàsì troisième. Kíláàsì yẹn ni wọ́n ti ń ṣe BEPC, ibẹ̀ náà ni ọmọ ti ń yan ọ̀nà: seconde A fún àwọn tó fẹ́ èdè àti ìtàn, seconde C fún àwọn tó fẹ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láti kékeré ni Rukayat ti ń sọ pé òun á máa kọ́ afárá. Bàbá rẹ̀ pàdé mi níbi ìsọmọlórúkọ kan, ó ní kí n wá máa kọ́ ọ ní maths kó lè gbóná sí i. Mo fẹ́ sọ pé Philosophie ni mo kà o, ṣùgbọ́n ó ti yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: “Université ló kà o, kì í ṣe ilé ìwé ẹgbẹ́ títì!” Gbogbo wọn mi orí. Nígbà tí àgbàlagbà mẹ́rin bá mi orí fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnu wo lo fẹ́ fi sọ pé rárá? Ẹ̀yin lẹ máa ní ẹ̀yin á sọ ọ́. Irọ́ ni.

Olùkọ́ kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ọmọ Mossi kan, ọmọ onílẹ̀ ibí, tó mọ ìṣirò dáadáa. Alhaji lé e lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Kò sí pupa nínú ìwé ọmọ. “Bien, bien”, ìyẹn ni pé ó dáa, ló ń kọ kiri abẹ́ gbogbo iṣẹ́ Rukayat, nítorí pé ọmọ náà ń gbà á. Alhaji ò lè ka “bien”, ṣùgbọ́n ó mọ àwọ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní bí mẹkáníìkì bá tú moto rẹ palẹ̀ tó ní òun ò rí nǹkan kan tó bàjẹ́, ṣé mẹkáníìkì nìyẹn? Bíìkì pupa, báírò olùkọ́, ni ẹ̀rí pé olùkọ́ ṣiṣẹ́. Tó bá jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, tó gbọ́ tí mo fa bíìkì kọjá lórí ìwé, fíìì, á dúpẹ́ bí àwọn Mossi ṣe ń dúpẹ́: “Barka, Professeur! Má dá a sí o!”

Ẹ fẹ́ mọ bí mo ṣe ń ṣe é? Mo ra ìwé ìbéèrè kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tà, èyí tó ní corrigé lẹ́yìn, ìdáhùn gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀. Mo ya corrigé náà kúrò, ó wà lábẹ́ ìjókòó moto mi, ìwé yòókù ni mo gbé fún Rukayat. Kí n tó wọ ilé wọn, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, màá há ìdáhùn tọjọ́ náà sórí bí ọmọ kéwú tó ń bẹ̀rù pàṣán. Tí ohun tí ọmọ kọ bá bá a mu, d'accord. Tí kò bá bá a mu, fíìì. Ẹ ò rí i pé ayé rọrùn?

Ó rọrùn títí dé ibi algèbre kan. Wọ́n ní fi mẹ́ta kún nọ́ńbà kan, fi àpapọ̀ rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí ni nọ́ńbà náà? Corrigé ní méjì. Rukayat kọ méjì, ó tún kọ moins huit, mẹ́jọ abẹ́ òdo, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fagi lé moins huit, mo bi í pé níbo ló ti rí moins huit rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí bí ọmọ ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ níbí, ó ní, “Tonton, mais ẹ fi sí i kí ẹ wò ó.” Mi ò fi sí i. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kì í fẹsẹ̀ wọn odò lójú èrò. Ó di géométrie, triangle kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, méjìlá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Rukayat ní igun kan nínú rẹ̀ dúró ṣánṣán bí igun yàrá, corrigé ní kò rí bẹ́ẹ̀, fíìì, barka. Ó di statistique, máàkì ọmọ méje, wọ́n ní èwo ló wà láàárín. Corrigé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rukayat tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, ó mú mẹ́sàn-án, ó wá bi mí pé báwo ni máàkì tó ga jù nínú méjèèje ṣe tún máa jẹ́ ti àárín? Ẹ gbọ́ ohun tí èmi ọ̀mọ̀wé fi dá a lóhùn. Mo ní kó má jiyàn, statistique ni, kì í ṣe ọgbọ́n orí.

Àwọn mẹ́ta yẹn, àìmọ̀ ni. Mo lè fi àìmọ̀ bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀kẹrin ni kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́...

Trigonométrie ni. Wọ́n ní èèyàn kan dúró ní ogún mítà sí ìdí ilé gogoro mọ́sáláṣí, ó gbójú sókè wo ṣóńṣó rẹ̀, igun tí ojú rẹ̀ gbà lọ sókè jẹ́ ọgọ́ta degré, báwo ni ilé gogoro náà ṣe ga tó? Corrigé ní mítà mọ́kànlá àti díẹ̀. Rukayat ní mítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀. Fíìì. Lọ́jọ́ yẹn kò gbà. Ó bọ́ sí ìta, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun wá, ó na ọwọ́ sí mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ó ní tí igun náà bá jẹ́ márùndínláàádọ́ta, gíga ilé náà àti ibi tí èèyàn dúró sí á dọ́gba, ogún mítà síbí, ogún mítà sókè. Tí ojú bá tún wá gbéra sókè ju ìyẹn lọ dé ọgọ́ta, Tonton, báwo ni ilé ṣe máa kúrú sí i? Ó fi apá rẹ̀ ṣe é. Ó gbé apá náà sókè díẹ̀díẹ̀ níwájú mi, mo sì rí i. Ẹ gbọ́ mi? Mo rí i kedere, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi mo rí ohun kan nínú ìṣirò, ó sì dùn mọ́ mi nínú, ó kù díẹ̀ kí n pariwo. Ìgbà yẹn ni Alhaji ké láti pálọ̀ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níta, ṣé ọmọ yẹn tún ń bá Professeur fa ọ̀rọ̀ ni? Mo sì sọ pé kò sí nǹkan, Alhaji, ó ṣì í ni, mo ń ṣàlàyé fún un. Mo sọ fún Rukayat pé ìṣirò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú wò. Ó sọ apá rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà kò bá mi jiyàn mọ́. Kí n tiẹ̀ sọ òtítọ́, ara tù mí. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí kó tó kọ nǹkan pé, “Tonton, kí lẹ fẹ́ kí n kọ?” Ọmọ tó máa ń kọ ìdáhùn kí n tó jókòó!

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo padà sọ́dọ̀ oníwèé náà láti ra ti seconde, nítorí Alhaji ti ń sọ fún ẹgbẹ́ àwa Yorùbá níbí pé èmi ni kí wọ́n fi ṣe directeur ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹ̀dà mìíràn ìwé tiwa, bébà pélébé kan wà nínú rẹ̀. Àwọn tó tẹ ìwé ń tọrọ àforíjì pé ìdáhùn mẹ́rin ò tọ̀nà nínú corrigé. Ẹ mọ àwọn mẹ́rin náà. Bébà tiwa ti já bọ́ kó tó dé ọwọ́ mi, bóyá wọ́n ti fi pọ́n ẹ̀pà. Mo dúró sínú oòrùn, oníwèé ń bi mí ṣé mò ń rà á ni àbí mò ń kà á, mo sì ń rò ó pé màá lọ jẹ́wọ́ fún Alhaji lónìí yìí.

Mo lọ. Kí n tó la ẹnu, Alhaji ti fa ìwé kan yọ nínú agbádá. Devoir tí Rukayat ṣe nílé ìwé ni, mẹ́jọ nínú ogún, ọmọ tó ń gba mẹ́rìndínlógún tẹ́lẹ̀. Pupa wà lórí rẹ̀, Alhaji ní ó dà bíi pé olùkọ́ ibẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, kí n bá òun ka ohun tó kọ. Rukayat dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí olùkọ́ náà kọ rèé: “Ìdáhùn tó tọ́ lo kọ́kọ́ kọ. Kí ló dé tí o fi fa igi lé e? Ta ló sọ fún ọ pé o ò mọ̀ ọ́n?” Mo kà á sínú. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá sọ fún Alhaji ní Yorùbá tó já gaara pé wọ́n ní kó túbọ̀ fọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Rukayat mọ Faransé jù mí lọ. Ó ti ka ìwé náà kó tó gbé e dé ilé. Ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó wò mí, kò dójú tì mí níwájú bàbá rẹ̀. Ó kàn sọ pé, “Papa, mo ti rò ó, seconde A ni màá lọ. Mi ò ní orí maths.” Alhaji wò mí. Ó ní ohun tí Professeur bá fọwọ́ sí ni òun náà fọwọ́ sí, ó sì kó fiche tí wọ́n fi ń yan kíláàsì lé mi lọ́wọ́ kí n bá òun kọ ọ́.

Mo gbìyànjú o. Lánàá mo pa dà lọ, mo ní Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣirò. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ó pe ìyá Rukayat láti ẹ̀yìnkùlé: “Ẹ wá gbọ́ o! Ẹni tó mọ̀ gan-an ló máa ń ní òun ò mọ̀!” Wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ C sí i kí n dákẹ́? Tó bá dé C tó ṣì ń fa igi lé ohun tó gbà ńkọ́? Ṣé kí n gba devoir yẹn padà, kí n tún un kà níwájú bàbá àti ọmọ bó ṣe wà, kí n wá sọ ti ilé gogoro mọ́sáláṣí mọ́ ọn? Ta ló máa wá ka ìwé fún àwọn àgbà yẹn lẹ́yìn ìyẹn, ta ni wọ́n tún máa gbà gbọ́? Àbí ìtìjú ara mi ni mò ń sá fún, tí mo ń fi àgbàlagbà ṣe àwáwí? Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á, ó jọ pé èmi ni Ọlọ́run náà ń retí.

Lundi, ọjọ́ Ajé, ni wọ́n máa gba fiche náà nílé ìwé. Ó wà níwájú mi báyìí. Rukayat fúnra rẹ̀ ti fi bíìkì kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ní kó kọ kíláàsì tó fẹ́, pẹ́ńsù ló fi kọ A síbẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ohun tí èèyàn ń retí kí ẹnì kan wá pa rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ̀yin tí wọ́n ti fagi lé ohun tí ẹ gbà rí, ẹ bá mi sọ ọ́: tí mo bá pa A yìí rẹ́, tí ọmọ náà bi mí pé kí ló dé, kí ni kí n sọ fún un?