Ọmọ Ògbàgì Dé Òkúta Ìsádi

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí mo jogún ẹnu dídákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀,

Òjò ti rọ̀ dáadáa ní Ọ̀kà lọ́dún yìí. Odò wa ti kún, omi sì ti yí Òkúta Ìsádi ká, ó ti tún di erékùṣù bó ṣe máa ń dà lọ́dọọdún. Ṣé ẹ rántí pé àsìkò yìí gan-an lẹ máa ń ká ṣòkòtò yín dé orúnkún, tí ẹ ó lọ dá jókòó síbẹ̀, tí ẹ ó máa jẹ ẹ̀pà? Mo ṣì ń rí èèpo ẹ̀pà nínú ihò òkúta náà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tiyín mọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbá a dànù.

Ìròyìn tí mo mú wá ni pé mo ti rí ọkọ. Kọ́lá lorúkọ rẹ̀, télọ̀ ni, ọmọ Ògbàgì. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá jẹ ọbẹ̀ mi, á béèrè ibi tí mo ti ra iyọ̀.

Ẹ mọ̀ pé kò sí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ ilé wa tí kì í kọ́kọ́ dé Òkúta Ìsádi. Ẹ̀yin lẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi: nígbà ogun Tápà, orí òkúta yẹn làwọn baba wa sá sí. Wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ omi fún ọ̀nà. Kò lọ tààrà, àwọn nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Àwọn amí múra bí ará ilé, wọ́n dé etí odò, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ béèrè ọ̀nà, torí bí wọ́n bá lanu, èdè wọn á tú àṣírí wọn. Wọ́n kàn gbẹ́sẹ̀ sómi, ọ̀gbun sì gbé wọn mì. Àlejò tó bá béèrè, ọ̀rẹ́ ni, wọ́n á na ọwọ́ sí i. Títí dòní, ẹni tó bá béèrè la ń fà sókè. Ẹni tó bá kàn gbẹ́sẹ̀ sómi láìbéèrè, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó lè padà wá tọrọ ìyàwó. A ò sì gbọdọ̀ ta á lólobó.

Bàbá ọmọ ló máa ń dúró lórí òkúta gba àna. Ẹ ò sí láyé mọ́. Ẹsẹ̀ ń dun Ìyá Ìkàrẹ́, ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n wá ní kí èmi fúnra mi dúró síbẹ̀. Àwọn jókòó sétí odò, wọ́n ń ṣọ́ wa bí ẹni ń ṣọ́ ìrẹsì lórí iná.

Kọ́lá dé etí omi. Ó dákẹ́. Bàbá, Kọ́lá dákẹ́!

"Ọmọ Ògbàgì," Ìyá Ìkàrẹ́ pè é, "ṣé òkúta kejì lo fẹ́ dà síbẹ̀ yẹn ni? Wọ́n ní o lẹ́nu. Àbí o gbàgbé ẹ̀ sílé?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bọ́ bàtà. Ó ká ṣòkòtò. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè lórí omi. Mo fẹ́ húkọ́, mo fẹ́ mi orí. Mo fi eyín di ètè mi mú. Odindi ọdún kan!

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, mi ò mọ ibí. Ibo ni kí n gbẹ́sẹ̀ lé?"

"Àna wa ni!" Ìyá Ìkàrẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, fà á wá kíákíá, kó tó yí ọkàn padà!"

Mo ń tọ́ka, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí mo fi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dùn mí díẹ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ yín ló dì mú.

Lórí òkúta ni mo ti bi í pé kí ló pa á lẹ́nu mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá ẹ ni mò ń kí nínú ọkàn mi," ó ní. "Ṣé mo lè dé ilé onílé kí n má kí bàbá ni? Mo sọ orúkọ mi fún wọn, mo sọ ti bàbá mi, mo ní ìwọ ni mo wá fẹ́. Ó gùn díẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Tí iṣu tuntun bá jáde, a ó ṣe ìdána. Ara mi balẹ̀, Bàbá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ìkíni yẹn, ṣé ẹ dá a lóhùn?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín bí ẹ̀mí ara rẹ̀.