Gíìtì Kò Jí Nǹkan Kan

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Ẹni tó bá sọ fún ọ pé mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, tí mo sì sá wá sí abúlé, irọ́ ló pa. Mo wálé nítorí pé òjò ti dé, àgbàdo kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni bímọ ní Lafiaji. Kú ewu ọmọ. Ọmú rẹ kò ní gbẹ, oorun ọmọ yóò gùn, tìrẹ náà yóò gùn díẹ̀. Màmá àgbà kí ọ. Ewúrẹ́ tó ń sá wọ yàrá rẹ ti bí ìbejì, ó sì ti gba yàrá náà pátápátá.

Mo mọ̀ pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni mo ti di bàbá rẹ. Èmi ni yóò sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ fún ọ, torí orí bẹ́ẹ̀dì ni ìwọ wà, Adéníyì ọkọ rẹ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ọ lọ sílé ìgbẹ̀bí, o ní kí n bá ọ bi Gíìtì tó ń bá ọ tọ́jú iṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà bóyá iṣẹ́ ìkànnì ayélujára ilé ìwòsàn ọmọdé tí Alhájà Fàrídà gbé fún ọ ti pé, kí n sì fi ránṣẹ́ kí oòrùn tó yí, torí Alhájà ti ní bó bá pẹ́, ẹlòmíì lòun máa gbé e fún. Mo jókòó, mo kí Gíìtì káàárọ̀, mo tẹ git diff, àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ hàn, bí o ṣe kọ́ mi. Kò sí lẹ́tà kan. Gbogbo làálàá rẹ, òfo. Mo sọ fún Gíìtì pé bó bá jẹ́ òun ló gbé e, kó dá a padà, mi ò ní fi í sùn. Ẹkún mi ló pe Ìyá Jíbrílù tó ni ilé yín wá. Ó ní kí n má bá irin jà, kí n pè ọ́. Mo ní aboyún tó ń rọbí kì í gbọ́ irú ìròyìn yẹn. Ó gba fóònù, ó pè ọ́ fúnra rẹ̀.

O kérora tán, o wá rẹ́rìn-ín. O ní ibi tí o ti ń tún iṣẹ́ ṣe ni mo wò, pé èyí tó ti pé, o ti kó o jọ síbòmíì de ìrìnàjò, kí n fi --staged kún un. Mo tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ tú jáde bí èèrùn. Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí Màmá àgbà ṣe ń ṣe nírọ̀lẹ́ ọjà ni: gàrí tó ti dì, tó ti gbé sẹ́nu ọ̀nà, ti di ti ọjà, èyí tó ṣì ń jọ̀ ló wà ní kíṣínì. Kíṣínì ni mo wọ̀ tí mo ń ké olè, ẹrù sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Gíìtì kò jí nǹkan kan.

Kí n tó fi ránṣẹ́, o tún pè, o ní nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn tí o kọ, ìparí rẹ̀ kì í ṣe méje, mẹ́sàn-án ni, pé ìyá tí gìrì mú ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ pe oníṣòwò sìmẹ́ǹtì. Mo yí i. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé alágídí ni mí. Mo wo kíṣínì: mẹ́sàn-án. Mo wo ẹnu ọ̀nà: méje ṣì jókòó síbẹ̀. Àpò tí a ti dì kò mọ̀ pé a tún gàrí jọ̀. Ìyá Jíbrílù ní oòrùn ti ń yí o, kí n jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí oòrùn yí, mi ò ní gbé gàrí oníyanrìn lọ sọ́jà. Mo pè ọ́, nọ́ọ̀sì ló gbé e, ó ní o ti wọ yàrá ìbímọ.

Mo bá ké sí Tawfiq tó ń tún fóònù ṣe ní Apọ́ngbọ̀n, ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó sáré wá, ó ní kí n tẹ git add kí mẹ́sàn-án lè dé ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mẹ́sàn-án. Mo wo kíṣínì, òfo. Òfo tí mo sunkún sí láàárọ̀ ni mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ fún lọ́sàn-án. Mo fi ránṣẹ́. Alhájà ní iṣẹ́ dé, pé ó dára. A ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi pè pé ọkùnrin ni.

Mo fẹ́ ka àwọn tó dúró tì wá fún ọ. Ìyá Jíbrílù, Tawfiq, nọ́ọ̀sì yẹn, Qaanitah aládùúgbò tó gbé aṣọ ọmọ sáré, ọkùnrin tó bá mi ru àpò láti ibùdókọ̀ CMS tí kò gba kọ́bọ̀. Mo tún rántí ẹlòmíì, mo bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń ka olùrànlọ́wọ́ fẹ́ san oore wọn kó lè bọ́ nínú gbèsè ni. Mi ò fẹ́ bọ́.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi páànù sórí yàrá rẹ, torí ewúrẹ́ kì í san owó ilé. Àpò gàrí méjì ń bọ̀, ọ̀kan fún Ìyá Jíbrílù, ọ̀kan fún Gíìtì. Bí kì í bá jẹ gàrí, sọ ohun tó ń jẹ fún mi.

Ire tí Ọlọ́run ti gbé sẹ́nu ọ̀nà rẹ kò ní padà sí kíṣínì. Èyí tó ṣì wà ní kíṣínì kò ní jóná.

Bàbá Kékeré rẹ,
Àlàó