Àwọn Ará Jọ́ọ̀sì Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kọkànlá, 2024
Ẹrù Samsudeen, ọmọ mi, dé láti Jọ́ọ̀sì. Páálí kan – ọ̀gbìn sitọ́bẹ́rì mẹ́fà, eléso pupa wẹ́wẹ́ yẹn, ewé wọn ti rọ díẹ̀. Ó pè mí. Ó ní àbùlà ni, irú méjì ni wọ́n pò pọ̀. Kí n má gbin kóró rẹ̀, kò ní jọ ìyá rẹ̀. Kí n má sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ bo àárín rẹ̀ níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Òun ń bọ̀ ní Ṣakí lọ́jọ́ Jímọ̀.
Abẹ́ máńgòrò ẹ̀yìn ilé ni mo gbìn wọ́n sí. Bàbá Sàlàkọ́, bàbá ọkọ mi olóògbé, àgbà oníṣu, jókòó tì mí, wọ́n ń pòṣé. Wọ́n ní mo gbìn ín lóréfèé bí ọ̀lẹ.

Ọjọ́rú, 6
Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yè. Bàbá ń pè wọ́n ní "àwọn ará Jọ́ọ̀sì". Bàbá máa ń kí wọn láàárọ̀!

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Ọkọ̀ tí Samsu wọ̀ gbókìtì.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Wọ́n ti sin ín sọ́hùn-ún, níbi tó kú sí, lọ́jọ́ náà gan-an. N ò rí ojú rẹ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n ní. Mo bímọ, àjèjì ló bá mi sin ín.
Ṣùkúrù, àbúrò ọkọ mi – Alága ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní dá parí – ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún Bàbá. A kì í túfọ̀ ọmọ fún arúgbó. Kí n lọ sunkún nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Àgọ́-Àrẹ, kí ojú mi má bàa tú àṣírí. Mo lọ. Inú ń bí mi pé mo lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 17
A ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Mo padà dé. Mo yọjú sẹ́yìn ilé – ebè mẹ́fà! Koríko gbígbẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń bo orí ebè iṣu lásìkò yìí. Ewé kan kò hàn níta. Bàbá ní oòrùn ló fẹ́ pa wọ́n làwọn fi bò wọ́n. Samsu á bínú bó bá dé bá wọn ní gbígbẹ. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, bàbá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Bàbá lọ kírun, mo tú ebè méjì. Àárín wọn ti rà, ó dúdú, ó ń yọmi. Mo dá iyẹ̀pẹ̀ padà, mo dá koríko lé e.

Ọjọ́bọ̀, 21
Bàbá bi mí bóyá wọ́n ti ń hù. Mo ní wọ́n ń bọ̀. Samsu ńkọ́? Mo ní ó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23
Bákan náà.

Ọjọ́ Ajé, 25
Mo pe Alága, mo ní irọ́ yìí fẹ́ pa mí. Ó ní kí n ní sùúrù. Ṣé òun ló ń gbé oúnjẹ fún Bàbá? Ṣé òun ni wọ́n ń bi láàárọ̀ láàárọ̀?

Ọjọ́bọ̀, 28
Bàbá pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ti tú ebè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn ará Jọ́ọ̀sì wà lórí koríko, jíjẹrà. Bàbá ní àwọn ló fọwọ́ ara àwọn pa wọ́n. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n dákẹ́. Ebè méjì, wọ́n ní, koríko orí rẹ̀ kì í ṣe bí àwọn ṣe ń tò ó láti kékeré. Ẹnìkan ti tú u wò ṣáájú àwọn.
"O ti rí i pé wọ́n ti kú, ìyàwó. O sì ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé wọ́n ń bọ̀."
Bàbá gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ wọn nù.
"Samsu tí o ní òun náà ń bọ̀ ńkọ́?"
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá bi mí bóyá wọ́n ti sin ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ bo àwọn ará Jọ́ọ̀sì padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bá wọn kó o.