Abọ́ Kan Náà Tí Bọ́lárìnwá àti Boma Jọ Jẹ

Níkẹ́, mo ti gbé ọmọ rẹ, Bọ́lárìnwá, lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ ò tíì gbóná. Àrùn èéyi ló mú Boma ọmọ ilé kejì, mo sì ní kí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan láàárọ̀, bí a ti ṣe fún ìwọ náà, kí èéyi lè ṣe Bọ́lárìnwá tán ní kékeré. Ìyá Boma ló já abọ́ gbà: “Mama, no be dis pikin get new kidney?”

O ti sọ fún mi pé oògùn tó ń dáàbò bo kíndìnrín tí o yọ fún un kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ lè bá àìsàn jà. Mo ní àṣejù òyìnbó ni.

Gbé oògùn náà bọ̀. Bí mi ò bá lè sọ ọ́ fún dókítà, ìwọ sọ fún un pé ìyá rẹ ló bu oúnjẹ náà.