Orúkọ Àjàní Lára Ògiri Àtìmọ́lé

Ìkìrun, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Inú mi ò dùn rárá lónìí.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń wọn kóòtù àtijọ́ yìí, tí mo ń ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé ìtajà. Lánàá, mo ha ọ̀dà kúrò lára ògiri yàrá àtìmọ́lé tó wà nínú rẹ̀, mo sì rí orúkọ tí ẹnìkan fi ìṣó gbẹ́ síbẹ̀: Àjàní ará Inísà. Mo bẹ fọ́máànù tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ pé kó fi ibẹ̀ sílẹ̀, mo sì ránṣẹ́ sí Inísà láti wá ẹbí rẹ̀.

Òwúrọ̀ yìí ni ọmọ Àjàní dé, ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Àtìmọ́lé yẹn ni bàbá wọn kú sí. Àfi bí a ṣe wọlé tí a bá a pé bíríkìlà ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri.

"Ọ̀gá ló ní ká parí ẹ̀," ni fọ́máànù wí.

Mo fi fọ́tò orúkọ náà han ìyá.

"Ó dára, ọmọ mi. Ọwọ́ ni mo fẹ́ fi kàn án."

Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sìmẹ́ǹtì tútù náà. Bíríkìlà dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n jáde, ó rẹ́ ojú ibi tí àtẹ́lẹwọ́ wọn tẹ̀ padà, ògiri sì dán.