Nítorí Kí Hàdízà Lè Yọwọ́

Nima, Accra

Ìyá Hàdízà,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ láti dín ikùn ọmọ wa kù. Ó ti fọn dáadáa, má ṣèyọnu.

Nọ́ọ̀sì ní kó máa jẹ ẹgbẹ̀rin kálórì lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀. Kì í jẹ tó ìdajì rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo ní ká jọ máa jẹ tùwó rírọ̀ nínú abọ́ kan, bíi ti ìgbà èwe rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, bí mo ti ń jẹ lòun náà ń jẹ. Inú mi dùn, mi ò tètè yọwọ́. Kò pẹ́ tó fi bì gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò dúró nígbà tí o yó?"

"Bàbá, ẹ ò tíì yọwọ́. Ṣé kí n wá yọwọ́ ṣáájú yín? Màmá á pa mí!"

Ìwọ lo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo gbàgbé.

Látìgbà náà, bí mo bá ti jẹ òkèlè méjì, màá yọwọ́, màá ní mo ti yó. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín pé èmi náà ti lọ gé ikùn. Ó máa ń rẹ̀ mí díẹ̀, àmọ́ òun ń jẹ ìwọ̀nba tirẹ̀, kò bì mọ́.

Bá mi kí Àsíátù àbúrò rẹ. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi gààrí díẹ̀ rán an sí mi. Kó má ṣe jẹ́ kí Hàdízà rí i.

Èmi ni Kàmálù, ọkọ rẹ.