Ohun Tí Bàbá Yín Ń Wá Lójú Ọ̀run

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rí ohun tí yóò pa ọ́ lẹ́kún níbi tí o wà. Àwa náà wà, ilé ò jò, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí o, mi ò gbé e fún tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú pé kó bá mi kọ ọ́, torí òun náà lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ bàbá yín tí mo fẹ́ sọ yìí.

Láti ìgbà tí o ti fi fóònù ńlá yẹn ránṣẹ́ sí bàbá yín ni wọn ò ti fẹ́ sùn mọ́. O mọ̀ pé káfíńtà ni wọ́n, wọ́n fi pákó kan ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n de fóònù mọ́ ọn lórí, wọ́n dojú rẹ̀ kọ sánmà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, wọ́n á yọ gílóòbù ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní iná ò jẹ́ kí ìràwọ̀ hàn. Wọ́n tún lọ bẹ obìnrin aránṣọ ilé kejì pé kó máa pa iná tirẹ̀. Èwo ni ti aránṣọ nínú ọ̀rọ̀ ìràwọ̀? Mo wá ń ṣọ́ wọn.

Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń pè lókè. Wọ́n ní àwọn ò pe ẹnikẹ́ni, fọ́tò làwọn ń yà, pé fóònù gbọ́dọ̀ lajú sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé. Mo ní ṣé ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé yẹn kì í jẹ owó inú fóònù? Ni tíṣà bá dá sí i, ó ní ìmọ́lẹ̀ tí a ń wò yẹn ti gbéra kí n tó bí ọ, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Mo ní ta ló dá a dúró lọ́nà? Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, mo sì fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yọ́ tẹ̀ lé wọn, mo fara pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi. Kò sí aránṣọ kankan níbẹ̀. Bàbá yín nìkan ló jókòó, wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á fọwọ́ bo ojú kan, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún bo ìkejì. Nígbà tí mo yọ sí wọn, wọ́n fò sókè. Wọ́n wá jẹ́wọ́ pé dókítà ojú ní ojú àwọn ti ń kú lọ, tọ̀tún tòsì. Pé àwọn ò rí ìràwọ̀ kankan mọ́ táwọn bá gbójú sókè, àfi kí fóònù yà á, kí àwọn fìka fẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ kan hàn mí tó ṣù jọ bí adìẹ àtàwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó wọn jọ kí ojú tó lọ tán. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ. Òun ni mò ń sọ yìí.

Mi ò gba dókítà yẹn gbọ́ o. Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri, ó ní kí wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí wọ́n máa kà á. Ta ló ń kàwé báyẹn? Jọ̀ọ́, bá wa wá dókítà tó mọṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, kí o sì fi owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò ránṣẹ́. Báńkì mi ni kí o san án sí, tó bá bọ́ sí ti bàbá yín, wọ́n á fi ra ohun mìíràn tó ń fẹ ìràwọ̀.

Má fi fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́ mọ́. Ìwọ gan-an ni kí o wá, kí wọ́n rí ọ nígbà tí wọ́n ṣì lè mọ̀ pé ìwọ ló ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Wàá bá wa láyọ̀, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ lọ́nà, Ọlọ́run á sì ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ.